Ọmú Bàbá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba, Ẹni tó ń fi omi ọmú sí àyà ìyá kí ọmọ tó dé, tí kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ bàbá ṣófo. Mo dúpẹ́ pé Ó fún wa lọ́mọ lẹ́yìn tí a ti retí títí. Mo dúpẹ́ pé Ó dá ọmọ náà sí. Mo tún ní ọpẹ́ kan tí mo fẹ́ dú lórí ohun tí mo máa sọ yìí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ló mọ̀.

Télọ̀ ni mí. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ilé kéwú sì ni mo ti kọ́ ìwé àti abẹ́rẹ́ pọ̀, nítorí pé olùkọ́ wa a máa rán fìlà lẹ́yìn tí a bá ti ka wàláà tán, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọ lára wa á jókòó tì í. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà mi fi ń pè mí ní Àáfà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máṣíìnì ni mo fi ń jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kétu, lọ́nà tó lọ sí Ìkòsí, yàrá wa sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àlùbọ́sà ni ìyàwó mi ń tà ní Mile 12. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti ń já àpò àlùbọ́sà láti inú ọkọ̀ tó ti òkè Ọya dé, ẹni tí kò bá sì tètè débẹ̀, èyí tó ti ń jẹrà ni yóò bá nílẹ̀. Irú ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ń gbé ọmọ ọwọ́ lọ lójoojúmọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin wa ti lè jókòó fúnra rẹ̀, a fohùn ṣọ̀kan pé ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa wà ní ṣọ́ọ̀bù títí ìyá rẹ̀ yóò fi tọjà dé lọ́sàn-án.

Ọmọ náà kò bá wa fohùn ṣọ̀kan. Bí ìyá rẹ̀ bá ti kẹ́yìn sí wa báyìí, ẹkún dé. Mo gbé e pọ̀n, mo gbé e kọ́ èjìká, mo kọ orin wákà fún un, kò gbà. Ọjọ́ kan ni oníbàárà mi kan, obìnrin nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Ògùdù, wá gba aṣọ rẹ̀, ó sì bá èmi àti ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó kọjá sí ilé oògùn tó wà ní òdìkejì títì, ó ra ọmú rọ́bà kan bọ̀, irú èyí tí kò ní omi kankan nínú, tí ọmọ kàn ń fà lásán, ó fi omi gbígbóná ṣàn án, ó sì fi í bọ ọmọ lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù parọ́rọ́. Mo fi ẹsẹ̀ lé máṣíìnì, mo rán aṣọ dé ìrọ̀lẹ́.

Kí rọ́bà náà má baà máa já bọ́ sílẹ̀, mo fi okùn so ó mọ́ etí tépù tí mo fi ń wọn aṣọ. Ọrùn mi sì ni tépù ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Bó ṣe di pé rọ́bà ń jù fìrìfìrì ní àyà mi nìyẹn, tó sì jẹ́ pé bí ọmọ bá fẹ́ ẹ, àyà mi ló ń nawọ́ sí. Àwọn obìnrin tó ń wá ránṣọ kò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró, Àáfà ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́." Àwọn ló sọ ọ́ ní ọmú bàbá. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó gba orúkọ yẹn lẹ́nu wọn, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọmọ pé ọdún méjì, ìyá rẹ̀ já a lẹ́nu ọmú. Ó rọrùn débi pé ó yà mí lẹ́nu. Ó lẹ pílásítà mọ́ orí ọmú méjèèjì, ó ní wọ́n ti ní egbò. Ọmọ wò ó, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní "Pẹ̀lẹ́," ó sì yíjú sí oúnjẹ. Mo ń yọ̀ pé a ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí láìsí wàhálà. Àṣé ìyàwó mi ń wo àyà mi.

"Dádì," ó ní, "mo ti já a lẹ́nu tèmi. Ó ku tiyín."

Mo fi í ṣe ẹ̀rín. Mo rò pé ọ̀la ṣì pọ̀.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi wá kí wa láti Ìṣẹ́yìn. Òun nìkan ló kù nílé ńlá tí wọ́n ń gbé látìgbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Màmá kì í pariwo. Ó lo gbogbo ọjọ́ tó fi wà lọ́dọ̀ wa lórí àpótí kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò bí ọmọ náà ṣe ń wá fa rọ́bà ní àyà mi, tí á fi í sẹ́nu, tí á yọ ọ́ sọ̀rọ̀, tí á tún dá a padà. Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ dé. Ìgbà yẹn ló pè mí.

"Àáfà, ẹ fetí sí mi. Ọmú tó ní omi nínú gan-an, ọdún méjì ni Ọlọ́run fi sí i. Èyí tí ò ní nǹkan kan nínú yìí, ọdún mélòó lẹ fẹ́ fi sí i?"

Èmi tí mo ti ka wàláà, òwú ni mo ń ki bọ abẹ́rẹ́. Màmá wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ń padà bọ̀ nígbà Iléyá. Bí òun bá tún bá rọ́bà yẹn lẹ́nu ọmọ, òun máa gbé e lọ sí Ìṣẹ́yìn, òun á já a lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, á sì máa wà lọ́dọ̀ òun títí tí yóò fi tó iléèwé lọ.

Kì í ṣe ẹ̀rù lásán ló fi ń bà mí. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi rí, ọmọ náà sì ti ga tó èjìká ìyá rẹ̀ kó tó padà sílé. Mo wo ìyàwó mi pé kó bá mi dá sí i, ṣùgbọ́n ẹrù ìyá rẹ̀ ló ń dì. Ó ṣe díẹ̀ lẹ́yìn tí Màmá lọ, ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ lọ, àmọ́ òun kò lè pe ìyá òun ní òpùrọ́: ọmọ tó ti lé lọ́dún méjì kò gbọdọ̀ máa fa rọ́bà. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí ọmọ wà nílé, ọwọ́ mi ló wà.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, mo wo ibi tí ọmọ náà ti ń fi àjákù aṣọ ṣe ìborí fún àpótí. Látìgbà tó ti ń rákò ló ti ń bá mi jókòó síbẹ̀. Ó mọ ìró máṣíìnì mi, ó mọ oníbàárà tó máa ń mú bisikíìtì wá. Mo gbìyànjú láti ro ṣọ́ọ̀bù náà láìsí i níbẹ̀, n kò lè rò ó tán.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo mọ̀. Nílé wa, ewúro ni ìyá mi fi já gbogbo wa lẹ́nu ọmú. Mo ra ewúro, mo fún un títí omi rẹ̀ fi dúdú, mo ti rọ́bà bọ̀ ọ́, mo so ó padà mọ́ tépù, mo sì ń ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ọmọ dé, ó fà á, ó fi sẹ́nu. Ó dúró. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Mo ń retí pé yóò tu ú sílẹ̀. Ó fà á títí tí adùn rẹ̀ fi tán, ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì nà án sí mi.

"Bàbá, ẹ tún fi sí i."

Mo ti gbàgbé pé àgbo Màmá ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi ti ń fi igbá ewé àti egbò igi ránṣẹ́ sí wa láti Ìṣẹ́yìn, àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n sì ń rọ ọ́ fún un. Kí ni ewúro fẹ́ ṣe fún irú ẹnu bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo ròyìn fún ìyàwó mi, ó jókòó sílẹ̀ kó tó lè rẹ́rìn-ín tán. Ó béèrè bóyá mo ń já ọmọ lẹ́nu ni àbí mò ń se ọbẹ̀ sí i.

Mo wá gbé rọ́bà náà jù nù. Ọjọ́ yẹn le. Ẹkún ọmọ náà dé ẹnu títì, ọwọ́ mi kò sì balẹ̀. Mo rán apá bùbá obìnrin kan ní ìdàkejì, mo tú u, mo tún rán an ní ìdàkejì. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́gun mi kì í ṣe ẹkún, àwọn oníbàárà mi ni. Kò sí ẹni tó wọlé tí àánú ọmọ kò ṣe. Ọ̀kan bú mi pé kí n má fi omijé ọmọ ọlọ́mọ wá àlùjánnà. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Ó jáde, ó sì mú ọmú rọ́bà tuntun wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn mú aláwọ̀ búlúù wá. Ìyá àgbà kan tó ń dúró de ìró rẹ̀ mú èyí tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò lò mọ́ wá, ó ti sè é dáadáa. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, rọ́bà tó wà nílé mi pọ̀ ju bí ó ti wà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n nù lọ.

Iléyá ń sún mọ́lé, aṣọ ọdún ń kó jọ síwájú mi. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ní mọ́sáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo máa ń dúró díẹ̀ lórí ẹní lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ. Ojú ń tì mí láti dárúkọ rọ́bà níwájú Ọlọ́run, nígbà tí àwọn mìíràn ń tọrọ ìwòsàn àti ọmọ. Ṣùgbọ́n mo dárúkọ rẹ̀. Mo ní kí Ó má jẹ́ kí ohun tí kò ní nǹkan kan nínú gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ tí ìdáhùn dé, n kò mọ̀ pé ìdáhùn ni. Òwú àti aṣọ tí mo fi ń tẹ́ inú ẹ̀wù tán nílé, mo ní láti lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ rà á. Ìyàwó mi gbé ọmọ lọ sọ́jà, nítorí kò sí ẹni tó máa bá wa mú un. Ọ̀nà ni mo wà kí n tó rántí pé gbogbo rọ́bà náà ló wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi, àti pé èyí tí ọmọ ń fà lọ́wọ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ń fojú inú wo ìyàwó mi láàárín àpò àlùbọ́sà, tí ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e. Mo ra ọjà mi wàrà-wàrà, mo sáré padà.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo bá wọn nílé. Ọmọ jókòó sílẹ̀, ó ń bó awẹ́ àlùbọ́sà, ó ń sọ̀rọ̀ sí i. Ìyá rẹ̀ ní láti àárọ̀ kò béèrè rọ́bà, kò sunkún, ó sùn lórí àpò òfìfo fúnra rẹ̀. Kí ó tó sọ gbólóhùn yẹn tán, ọmọ ti gbójú sókè, ó rí mi, ó ju àlùbọ́sà sílẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí àyà mi.

"Ọmú bàbá."

Ìyàwó mi wò ó, ó wò mí. Ó ní ó ti yé òun wàyí. Ọmọ yìí kò fẹ́ rọ́bà. Èmi ló ń rí tí ọkàn rẹ̀ ń lọ síbẹ̀, bí ọmọ kékeré ṣe ń gbóòórùn ìyá rẹ̀ tí ọmú á fi wù ú. Ó ní nílé àwọn, bí ọmọ bá ṣorí kunkun lórí ọmú, olómú ni wọ́n máa ń lé kúrò nílé fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ á wá a, kò ní rí i, á sì gbàgbé.

"Ta wá ni olómú nínú ọ̀rọ̀ yìí?" ó bi mí.

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà, títí mo fi rí i tó ń ká aṣọ mi sínú báàgì.

Báyìí ni wọ́n ṣe lé mi lọ sí Àgbóyì, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fẹ́ apẹja níbẹ̀. A ṣàdéhùn pé ọmọ á máa tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà níwọ̀nba ọjọ́ tí mo bá fi lọ. Èyí tó wà lọ́rùn mi àti gbogbo rọ́bà tó wà nínú dúrọ́ọ̀, ìyàwó mi ló kó wọn lọ dànù sínú ọkọ̀ akólẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi kó aṣọ ọdún tí mo ti gé, mo yọ orí máṣíìnì, mo fi aṣọ wé e, mo sì gbé e lé itan nínú ọkọ̀ ojú omi. Atukọ̀ náà wò mí títí.

"Àáfà," ó ní, "ẹ gbá ọmọ yín mú dáadáa o, omi ń ru."

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rín, kò wá.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù kí n tó gúnlẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ẹbúté, ó kúnlẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń kí ìyá ọmọ tuntun. Ó ní, "Olómú, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò tíì máa ro yín?" Ó ní nígbà tí òun já àkọ́bí òun lẹ́nu, ibà ló dá òun dùbúlẹ̀, òun á sì wá ọ̀já tí mo máa fi so àyà. Gbogbo àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. Títí tí mo fi kúrò ní Àgbóyì, kò sí ẹni tó pè mí ní Àáfà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi yá ẹsẹ̀ máṣíìnì àtijọ́ kan, mo gbé orí tèmi lé e ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tó kọjú sí omi. Ibẹ̀ dákẹ́. Iṣẹ́ yẹ kó yá mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣàdéédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì láti fetí sílẹ̀ bóyá ọmọ ń ké. Ọwọ́ mi á lọ sí etí tépù, á bá a lófìfo. Ohun tó ń já mi láyà jù ni pé ọ̀nà tí ọmọ yóò fi gbàgbé rọ́bà ni pé kó gbàgbé mi. Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti kí Màmá gbé e lọ?

Ẹ̀gbọ́n mi rí mi níbi tí mo ti ń wo omi. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àbúrò mi," ó ní, "ọmọ yẹn á bọ́ nínú rẹ̀ kó o tó bọ́."

Ìyàwó mi máa ń pè mí láti ọjà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní ọmọ béèrè ọmú bàbá nígbà tí wọ́n délé, ó wá a lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó sunkún díẹ̀, ó sùn. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó wá a, kò sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ẹnu ọmọ ti ṣófo, ọ̀rọ̀ sì ti kún un. Kò dákẹ́ mọ́, gbogbo ọlọ́jà ló ń bá jà lórí àlùbọ́sà. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Mo wá béèrè bóyá ó ṣì rántí mi.

Ariwo ọjà ń wọlé sórí fóònù, ìyàwó mi gbé ohùn sókè.

"Dádì, lójoojúmọ́ ló ń béèrè yín. Rọ́bà ni kò béèrè mọ́."

Mo fi orí kanlẹ̀ lórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, n kò tilẹ̀ wo ibi tí mo kọjú sí. Mo kọjá sí ẹbúté lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí mo wọlé, ọmọ sáré bá mi, ó gun mí, ó na ọwọ́ sí àyà mi. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ọmọ fa tépù, ó tẹ̀ lé e títí dé òpin rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fi orí tépù kan irùngbọ̀n mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, ó ń kà á bó ṣe mọ̀ ọ́n kà. Mo jẹ́ kó wọ̀n ọ́n títí tó fi sú u.

Màmá dé nígbà tí ọdún ku ọ̀la. Wọ́n ti so àgbò mọ́ ẹ̀yìn ilé. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó gbé e sí ẹsẹ̀, ó fi ìka méjì la ètè rẹ̀ bí ẹni tó ń wo eyín ẹran ọdún kó tó sanwó, ó yẹ ìsàlẹ̀ wò, ó yẹ òkè wò. Lẹ́yìn náà ó bi í ní ohun tí mo ń bẹ̀rù pé yóò bi í.

"Ọmú bàbá dà?"

Ọmọ náà wò mí, ó wo Màmá, bí ẹni pé ìbéèrè náà kò nílò kí wọ́n béèrè rẹ̀.

"Bàbá ti dàgbà," ó ní.

Àwọn obìnrin ọjà ló ti ń sọ fún un ní gbogbo ìgbà yẹn pé ó ti dàgbà, ẹni tó bá dàgbà kì í mu ọmú. Bó ṣe gbọ́ ọ yé e nìyẹn. Màmá tí kì í pariwo rẹ́rìn-ín tí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní bí bàbá bá ti dàgbà, ọ̀rọ̀ ti parí, kí a máa tọ́ ọmọ wa.

Ìgbà tó tú ẹrù rẹ̀ ni mo rí ohun tó kó wá. Ẹní kékeré wà níbẹ̀, àti abọ́ pẹrẹsẹ tó ní ìdérí, àti ìró òfì tí wọ́n hun níwọ̀n ọmọ kékeré. Kò sọ pé nílé òun ni òun fẹ́ tẹ́ ẹ sí. Ó kó wọn fún ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì tún ìró náà ṣe lára ọmọ fún ìgbà pípẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má tètè lọ lẹ́yìn ọdún. Ó dúró. Ó bá wa jẹ ẹran tán, ó sì máa ń jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tí ọmọ á fi àjákù aṣọ wé e lórí.

Ọjọ́ tó lọ, èmi àti ọmọ la sìn ín dé gáréèjì Kétu. Bí ọkọ̀ ṣe ń yí, ó yọ ọwọ́ síta, ọmọ ń ju ọwọ́ sí i láti èjìká mi. Lẹ́yìn náà a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ lé máṣíìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè tí kò lópin.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́run Ọba wo ilé rẹ. Ohun tó bá yẹ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ, kí Ó jẹ́ kó kúrò láìmú ẹni tí o fẹ́ràn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà tó nífẹ̀ẹ́ rẹ, kí wọ́n má ṣe mọ ìdánìkanwà. Bí o bá ń retí ọmọ, kí Ó fún ọ. Bí o bá sì ti ní, kí ẹ̀rín rẹ̀ máa dún nítòsí rẹ. Àmín.